Rírin Ọ̀nà Ìbàdàn Wá sí Abẹ́òkúta ní Ìpín-Ìpín Nígbà Ọyẹ́

Ọ̀nà àtijọ́ tó so Abẹ́òkúta mọ́ Ìbàdàn gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 77. Mọ́tò á ti rìn ín tán kí oorun tó kun èèyàn dáadáa. Ẹlẹ́sẹ̀ ò lè rìn ín tán lóòjọ́, kò sì sẹ́ni tó fi dandan lé e. Àmọ́ ẹni tó bá gé e sí márùn-ún tàbí mẹ́fà, tó ń mú ìpín kọ̀ọ̀kan ní òpin ọ̀sẹ̀, á ti rin gbogbo rẹ̀ tán kí òjò àkọ́rọ̀ tó bọ́ sílẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àwọn òyìnbó ti ń ṣe irú èyí tipẹ́. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ Appalachian ní Amẹ́ríkà, tó ti ìpínlẹ̀ Georgia lọ dé Maine, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 3,500. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gé e rìn, àwọn mìíràn ń fi ọ̀pọ̀ ọdún parí rẹ̀, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ìgbà òtútù, tí yìnyín bo ilẹ̀ tí èrò ò sí lọ́nà, ni wọ́n fẹ́ràn jù. Àwa ò ní yìnyín. Ọyẹ́ ni tiwa: ilẹ̀ gbẹ, koríko ti rọ, ẹ̀fọn dín kù, àárọ̀ tutù débi pé èèyàn lè rìn wákàtí méjì kí aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Òtútù làwọn tọ̀hún ń ṣọ́ra fún. Gbígbẹ ni kí àwa máa ṣọ́ra fún, èmi ò sì rò pé èwo nínú méjèèjì rọrùn ju èkejì lọ.

Kí n tó sọ ti bàtà àti omi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ka sí pàtàkì jù. Mọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ rò, kí ẹ tó ro ẹsẹ̀. Ibi tí mọ́tò máa já yín sí láàárọ̀, àti ibi tí ẹ ti lè rí òmíràn lọ́sàn-án bí ara bá kọ̀, ni kó pinnu bí ìpín kan ṣe máa gùn tó. Ẹni tó bá fi kìlómítà nìkan gé ọ̀nà á bá ara rẹ̀ níbi tí kò sí ibòji, tí mọ́tò ò ní dúró, ní aago méjì ọ̀sán.

Àkókò

Ọyẹ́ kì í wo kàlẹ́ńdà. Lọ́dọ̀ wa, ó sábà máa ń yọjú ní ìparí oṣù kọkànlá, á le láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kìíní, á wá máa yọ́ lọ nínú oṣù kejì. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kejìlá. Ojú ọjọ́ dáa nígbà yẹn, àwọn awakọ̀ ni kò dáa. Owó ọdún ni gbogbo wọn ń lé, eré tí wọ́n sì ń sá lójú ọ̀nà yẹn kò jọ ti ẹni tó rántí pé ẹlẹ́sẹ̀ wà láyé. Ẹ jẹ́ kí ọdún lọ tán, kí àwọn èrò padà síbi iṣẹ́ wọn. Láti ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní títí dé ìparí oṣù kejì ni mo fọwọ́ sí.

Nínú oṣù kìíní, oòrùn kì í yọ ní Abẹ́òkúta kó tó di nǹkan bí aago méje àárọ̀, nǹkan bí aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló sì máa ń wọ̀. Ẹ má wo ìrọ̀lẹ́ yẹn o. Ẹ fi aago méje bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ti parí ní ọ̀sán gangan. Àárọ̀ lè tutù tó ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kó tó di aago méjì ọ̀sán ó ti lé ní 33, oòrùn ọyẹ́ sì máa ń tan èèyàn jẹ: kùrukùru á bò ó lójú bíi pé kò le, orí yín ni yóò sọ fún yín lálẹ́.

Bí ẹ ṣe máa gé e

Ẹni tí ara rẹ̀ dá lè rin kìlómítà mẹ́rin sí márùn-ún láàárín wákàtí kan. Ẹ fi mẹ́rin ṣírò. Bí ẹ bá rìn láti aago méje sí aago méjìlá, tí ẹ yọ ìsinmi, oúnjẹ àti ìkíni kúrò (ìkíni á gba àkókò, ẹ má rò pé kò ní gbà á), kìlómítà 14 sí 16 ló kù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní márùn-ún tàbí mẹ́fà.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé máàpù sórí fóònù kí ẹ wá àwọn ibi tí ọ̀nà lè já sí. Ibi tó yẹ kí ìpín bẹ̀rẹ̀ tàbí parí sí gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí mọ́tò ń dúró sí fúnra rẹ̀, bóyá oríta, ìlú, tàbí iwájú ọjà. Ó gbọ́dọ̀ ní ibòji àti ẹni tó ń tajà, nítorí ẹni tó ń tajà ló mọ ìgbà tí mọ́tò tó kẹ́yìn kọjá. Ó sì gbọ́dọ̀ ní àmì tí ẹnikẹ́ni ò lè gbé lọ: afárá, ilé ẹ̀kọ́, mọ́ṣáláṣí. Igi kò tó àmì. Wọ́n ń gé igi.

Láti apá Abẹ́òkúta, àwọn ibi tó bójú mu ni Òṣíẹ̀lẹ̀, Ọdẹ́dá, Olódò, Bákàtàrí tó wà létí ààlà ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ọ̀yọ́, Omi-Àdìó, àti Àpáta tó ti wọ Ìbàdàn. Wọn ò jìnnà síra dọ́gba-dọ́gba. Ẹ má fi ipá mú wọn dọ́gba. Ọjọ́ kan á gùn, òmíràn á kúrú, ìyẹn ò bà ohunkóhun jẹ́.

Ẹ tún ṣèwádìí ọjọ́ ọjà àwọn ìlú kéékèèké tó wà lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ọjà ìgbèríko wa ṣì jẹ́ ọjà ọrún, ọjọ́ tí wọ́n bá ná an ni mọ́tò máa ń pọ̀ jù, tí oúnjẹ gbígbóná sì wà lójú ọ̀nà. Ọjọ́ ọjà tó bá bọ́ sí Sátidé, ẹ dì í mú.

Ẹ kọjú sílé

Àbá mi tó lè yani lẹ́nu nìyí: ẹ má rìn kúrò nílé, ìyẹn Abẹ́òkúta, ẹ máa rìn bọ̀ wálé. Ẹ wọ mọ́tò ní aago mẹ́fà àárọ̀, kó gbé yín lọ sí òpin ìpín tó jìnnà sílé, kí ẹ sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ wá máa fẹsẹ̀ bọ̀ lápá Abẹ́òkúta.

Atẹ́gùn ọyẹ́ ló fà á. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà, lápá àríwá ìlà-oòrùn, ló ti ń fẹ́ wá, púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ sì jẹ́ ti kòtò Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Apá àríwá ìlà-oòrùn náà ni Ìbàdàn wà sí Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá kọrí sí Ìbàdàn ń gba atẹ́gùn àti eruku sójú, oòrùn òwúrọ̀ náà sì ń ṣẹ́ ẹ lójú. Ẹni tó bá kọrí sí Abẹ́òkúta, ẹ̀yìn ni méjèèjì wà fún un. Ẹ gbìyànjú wákàtí kan péré ní ọ̀nà méjèèjì, ètè yín á sọ ìyàtọ̀ rẹ̀ fún yín.

Àǹfààní kejì ni pé àárọ̀ ni mọ́tò pọ̀ ní gáréèjì, ọ̀sán ló máa ń ṣọ̀wọ́n. Bí ẹ bá ti lo mọ́tò yín láàárọ̀, tí ẹ sì ń rìn bọ̀ nílé, ibi tí ẹ ń lọ túbọ̀ ń ní ọ̀kadà, kórópe àti màrúwá bí ẹ ṣe ń sún mọ́ ọn. Àwọn awakọ̀ kan á ní kí ẹ san owó Ìbàdàn pé bí ẹ tiẹ̀ máa sọ̀kalẹ̀ ní Olódò. Ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó jókòó, ẹ má ṣe é nígbà tí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀.

Láti Ìbàdàn náà kúkú ni Ṣódẹkẹ́ ti kó àwọn Ẹ̀gbá wá sábẹ́ Olúmọ ní 1830. Ẹni tó bá ń rìn bọ̀ wálé báyìí, apá ibi tí àwọn yẹn kọjú sí lòun náà kọjú sí, àfi pé wọn ò rí mọ́tò wọ̀ láàárọ̀.

Ìpín tó sún mọ́ ilé jù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn Òṣíẹ̀lẹ̀ sí àárín ìlú. Bí bàtà bá ń ta yín lẹ́sẹ̀, bí báàgì bá wúwo jù, ibi tí ẹ mọ bí ẹni mọ owó ni ẹ ti máa mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ wá máa tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wádìí ọ̀nà, ẹ má lọ lẹ́yin nìkan

Ọ̀rọ̀ yìí ò ní àwàdà nínú. Láàárín Ọdẹ́dá àti Bákàtàrí, ibi kan wà tó jẹ́ igbó lọ́tùn-ún lósì, tí ilé ò pọ̀. Ẹ má dá a rìn. Mẹ́rin ni mo kà sí iye tó kéré jù: bí ẹnì kan bá fara pa, ẹnì kan á dúró tì í, méjì á lọ wá ìrànlọ́wọ́.

Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ lọ sí gáréèjì kí ẹ bi àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà náà lójoojúmọ́ léèrè. Kò sí ìròyìn tó yá ju tiwọn lọ. Ẹ má ṣe bi wọ́n pé "Ṣé ọ̀nà dáa?" torí gbogbo awakọ̀ tó ń wá èrò ló máa ní ó dáa. Ẹ bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ kì í fẹ́ dúró sí tí táyà bá jò?" Ibi tí wọ́n bá dárúkọ, ẹ fi mọ́tò gbà á kọjá. Ìpín tí ẹ bá fò kì í ṣe gbèsè. Àwọn tó ń rin Appalachian náà ń fo ibi tí yìnyín ti pọ̀ jù, wọ́n á padà sí i nígbà tó bá rọrùn.

Ní ìlú tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹ ya ọ̀dọ̀ baálẹ̀ tàbí àwọn àgbààgbà tó wà níta, kí ẹ kí wọn, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe. Bí ẹ bá rí àwọn Àmọ̀tẹ́kùn tàbí ọlọ́pàá lọ́nà, ẹ sọ fún àwọn náà kí wọ́n tó bi yín, ẹ má sì ya wọ́n ní fọ́tò. Ẹ fi orúkọ ìpín náà, iye yín, àti aago tí ẹ retí láti parí ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé, kí ẹni náà mọ̀ pé bí òun ò bá gbúròó yín ní wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀, ó yẹ kí òun bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn. Nọ́ńbà 112 ni ti pàjáwìrì, 122 ni ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ẹ ti fi wọ́n sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé.

Omi

Nígbà òjò, òógùn á máa kán, ẹ ó sì mọ̀ pé omi ń jáde lára yín. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn ń gbẹ òógùn kí ẹ tó rí i. Ara á gbẹ, òùngbẹ ò ní tètè gbẹ yín, àfìgbà tí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín tí ìtọ̀ yín sì pọ́n bí omi ewé tíì. Nítorí náà ẹ má dúró de òùngbẹ. Ẹ mu díẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún.

Ìṣírò rẹ̀ ò le. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, ìyẹn ìdajì lítà. Ọ̀kan fún wákàtí kan, ó kéré tán, ẹ wá fi ọ̀kan kún un fún ìgbà tí mọ́tò bá pẹ́. Ọ̀rá mẹ́fà jẹ́ lítà mẹ́ta, ó sì wúwo tó kìlógíráàmù mẹ́ta, nítorí náà ẹ fi wọ́n sí ìsàlẹ̀ báàgì lápá tó kan ẹ̀yìn yín, kó má máa fà yín sẹ́yìn. Ẹ da méjì sínú ike kí ẹ tó gbéra. Ọ̀rá tí wọ́n ti fi eyín já ò ṣeé dì padà, èmi ò sì fẹ́ kí ẹ mu gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan torí kó má baà dànù. Ọ̀rá tó bá ti tán, ẹ ká a padà sínú báàgì. Ojú gọ́tà tó wà lọ́nà yẹn ti rí tó.

Ẹ gbé iyọ̀ àti ṣúgà dání. Bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá bẹ̀rẹ̀ lójijì, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, tí wọ́n gé lójú, sínú lítà omi kan tó mọ́. Kí ẹni náà máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń wá mọ́tò.

Ẹ má mu omi odò. Òótọ́ ni pé sòbìà ti kúrò nílẹ̀ wa, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i fún Nàìjíríà ní 2013, àmọ́ ibà jẹ̀funjẹ̀fun ò tíì lọ síbì kankan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi odò kéékèèké ti dúró sójú kan, màlúù ti wọ̀ ọ́, èèyàn ti fọṣọ sí i.

Oúnjẹ ò nílò àròyé. Ẹ jẹ ohun tó dúró díẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ wá di ẹ̀pà, àádùn, róbó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání. Àgbálùmọ̀ àti ọsàn wà nígbà yìí, ọsàn ló sì wúlò jù nínú gbogbo rẹ̀. Gààrí gbígbẹ ni kí ẹ fi sílẹ̀. Omi tó yẹ kí ẹ mu ló máa gbà.

Eruku, imú àti ètè

Ẹ fi òrí pa ètè, ihò imú, ìgúnpá àti gìgísẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ tún un pa láàárọ̀. Díẹ̀ tí ẹ bá fi ìka tó kéré jù tẹ̀ sínú ihò imú kì í jẹ́ kí ẹran inú rẹ̀ là, ibẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ imú ọyẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ṣàn náà, ẹ má gbé orí sẹ́yìn. Ẹ jókòó, ẹ tẹ orí síwájú díẹ̀, kí ẹ fún ibi rírọ̀ imú pọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìtú u wò.

Ẹ mú ìbòmú tàbí aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ fún ìgbà tí tipa bá kọjá. Ní agbègbè Ọdẹ́dá, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta pọ̀, tipa tó ń gbé òkúta sì ń lọ ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Eruku tiwọn yàtọ̀ sí ti ọyẹ́, ó funfun, ó sì ń ta ojú. Ẹni tó ń fi awò sínú ẹyinjú, gíláàsì ni kó lò lọ́jọ́ yẹn.

Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ kúrò nílé láìmú ẹ̀rọ tó ń fà símú dání, bí kùrukùru bá sì dí tí ẹ ò rí ilé tó wà ní ìsọdá títì, kó dúró sílé pátápátá. Ẹni tó bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ládìde ní láti bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó bá wa jáde, nítorí òtútù àárọ̀ àti àìtó omi lára wà lára ohun tó ń dá ìrora náà sílẹ̀.

Aṣọ: èyí tó ṣeé wọ̀ lé ara wọn. Èyí tó nípọn fún àárọ̀, èyí tó fẹ́lẹ́ tó gùn lọ́wọ́ nísàlẹ̀ rẹ̀, fìlà tó ní etí. Kí ti òkè jẹ́ àwọ̀ tó hàn kedere, ọsàn tàbí yẹ́lò. Mo máa sọ ìdí méjì rẹ̀ níwájú.

Ẹsẹ̀

Bàtà tuntun, rárá. Kánfáàsì tí ẹ ti ń wọ̀ lọ sọ́jà láti oṣù mélòó kan ló dáa jù, kó sì fẹ̀ díẹ̀ níwájú torí ẹsẹ̀ máa ń wú bí oòrùn bá ń mú. Ìbọ̀sẹ̀ méjì: ẹ wọ ọ̀kan, ẹ so èkejì mọ́ báàgì. Ní ìdajì ọ̀nà, ẹ jókòó, ẹ bọ́ bàtà, ẹ gbọn eruku inú rẹ̀ dànù, ẹ pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún yìí ń gba ẹsẹ̀ là ju oògùn lọ.

Ìléròrò ló ń ba ìrìn jẹ́ jù. Kó tó yọ, ibẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná, á máa jó èèyàn bí ata. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ dúró, ẹ má sọ pé "Ẹ jẹ́ ká dé iwájú." Ẹ fi báńdéèjì alẹ̀mọ́ bo ojú ibẹ̀, kí ẹ sì fi Vaseline pa etí rẹ̀ yí ká. Bí ó bá ti yọ, tó kéré, tí kò dùn yín, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá tóbi débi tí ẹ ò lè tẹsẹ̀, ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi ọtí tí wọ́n fi ń nu ojú egbò nu abẹ́rẹ́ àti ibẹ̀, kí ẹ gún un ní ẹ̀gbẹ́ nísàlẹ̀, ẹ rọra tẹ omi rẹ̀ jáde. Awọ tó bò ó, ẹ má ya á. Òun ni báńdéèjì tí Ọlọ́run fún yín. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ fi abẹ́rẹ́ kan ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kó gbé e lọ.

Lójú títì

Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wa ọkọ̀ lápá ọ̀tún. Nítorí náà apá òsì ni kí ẹlẹ́sẹ̀ gbà, kó máa wo ojú ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ tò tẹ̀ lé ara yín bí èèrà, ẹ má tò ní ìbú. Ẹni tó fọkàn balẹ̀ jù ni kó ṣíwájú, kí èyí tí ojú rẹ̀ ríran jù wà lẹ́yìn. Ẹ má fi nǹkan dí etí méjèèjì. Bí ẹ bá gbọ́ tírélà méjì tó fẹ́ kọjá ara wọn, ẹ kúrò lórí ọ̀dà, ẹ wọ koríko, kí ẹ dúró títí wọ́n á fi lọ. Ìdí àkọ́kọ́ tí mo fi ní aṣọ tó hàn nìyẹn, nítorí kùrukùru òwúrọ̀ ń dí awakọ̀ lójú.

Ìdí kejì ni àwọn ọdẹ. Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ń tiná bọ igbó láti lé ẹran jáde, ìbọn sì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ má ya igbó ju ibi tí ẹ lè rí títì lọ, kódà bó bá jẹ́ láti gbọnsẹ̀. Bí ẹ bá rí iná níwájú, ẹ wo apá ibi tí èéfín ń fẹ́ sí. Bó bá dá ojú ọ̀nà kọjá, ẹ dúró sẹ́yìn, ẹ má wọ inú rẹ̀, torí awakọ̀ tó wà nínú èéfín náà ò lè rí yín. Koríko ọyẹ́ kì í pẹ́ jó tán.

Iná yẹn náà ló ń lé ejò wá sójú ọ̀nà. Ẹ máa wo ilẹ̀ níbi tí igbó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ jó, ẹ má fi ọwọ́ sínú ihò òkúta, ẹ má jókòó sórí igi tó ṣubú láìfi ọ̀pá kàn án. Bí ejò bá ṣán ẹnì kan, ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti aago kúrò, kí ẹsẹ̀ tàbí apá náà má mì, kí ẹ dá ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ dé dúró, kí ẹ sì máa pe ilé ìwòsàn ńlá lọ́nà láti béèrè bóyá wọ́n ní oògùn tó ń pa oró ejò. Ní Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Abà ni kí ẹ kọ́kọ́ pè.

Ohun tó máa gba àkókò yín jù lójú ọ̀nà ni àánú àwọn èèyàn. Mọ́tò á dúró, awakọ̀ á yọrí: "Ṣé mọ́tò yín bàjẹ́ ni? Ẹ wọlé." Ẹ̀yin á ní, "Rárá o, bọ̀dá, à ń rìn ín ni." Á wò yín láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má gbìyànjú láti ṣàlàyé ìlera àti eré ìmárale fún un lẹ́bàá títì. Àwọn ìyá tó ń dín àkàrà ní tiwọn á fẹ́ mọ orírun yín àti ọmọ ta ni yín. Ẹ dáhùn. Ẹ kí wọn "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn," kí ẹ ra àkàrà díẹ̀, kódà bí ebi ò bá pa yín. Ìyá tó ti ta àkàrà fún yín lónìí á bá yín dá mọ́tò dúró lọ́jọ́ mìíràn.

Àwọn ìpín náà fúnra wọn

Òṣíẹ̀lẹ̀ sí ìlú: ó ń gba Kámpù, Ọ̀bàńtokò, Àdátán, Aké àti Ṣàpọ́n wá sí Ìtòkú, títí dé ẹsẹ̀ Olúmọ. Èrò pọ̀, eruku pọ̀, oúnjẹ pọ̀. Kò sí ibi tí ẹ ti lè sọnù. Bí agbára bá ṣì kù, ẹ gun Olúmọ, àmọ́ ẹ má retí láti rí ọ̀nà jíjìn láti òkè. Ọyẹ́ á ti da aṣọ bo odò Ògùn àti gbogbo páànù ìlú.

Ọdẹ́dá sí Òṣíẹ̀lẹ̀: ìpín tipa. Sunday ló dáa, nígbà tí tipa dín kù.

Olódò sí Ọdẹ́dá, àti Bákàtàrí sí Olódò: èyí ni mo ní kí ẹ má dá rìn. Ẹ kún omi, ẹ kún owó ṣéńjì, kí fóònù méjì, ó kéré tán, wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìpín méjèèjì yìí ló sì tún dáa jù fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohùn ẹyẹ.

Àpáta sí Bákàtàrí: ẹ ó gba Omi-Àdìó kọjá. Bí ó bá gùn jù, ẹ gé e sí méjì níbẹ̀. Ẹ jí kùtùkùtù, nítorí àtidé Àpáta láti Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ á gbà tó wákàtí kan àtààbọ̀. Ẹni tó fẹ́ káwọn èèyàn má bá òun jiyàn pé òun ò dé Ìbàdàn lè lọ bẹ̀rẹ̀ ní Dùgbẹ̀, nídìí Cocoa House. Èmi ò rí ohun tó dùn nínú fífi ẹsẹ̀ gba gọ-sílò.

Ojú irin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibí yìí náà, àtijọ́ àti tuntun. Ó tẹ́jú, ó sì ń wu ojú. Ẹ má rìn lórí rẹ̀. Reluwé tuntun ń sáré, ó lè dé ẹ̀yìn ẹni kó tó gbọ́ ọ.

Sísàmì síbi tí ẹ dé

Ìpín méjì ní láti fẹnu kan ara wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àlàfo á wà láàárín tí ẹ ò ní mọ̀. Níbi tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ àti níbi tí ẹ bá parí sí, ẹ fi àmì síbẹ̀ lórí Google Maps, kí ẹ ya fọ́tò méjì, ọ̀kan kọjú sí Ìbàdàn, èkejì kọjú sí Abẹ́òkúta. Lọ́jọ́ tí ẹ bá padà lọ, ẹ ti máa pariwo "Ó wà o!" kí awakọ̀ tó dé ibẹ̀, torí kò ní dúró lójijì. Bó bá gbé yín kọjá díẹ̀, kò burú. Ìhà tí ẹ ti ń rìn bọ̀ ló gbé yín kọjá sí, ẹ kàn máa rìn díẹ̀ lé ni.

Bí ìpín kan tàbí méjì bá ṣẹ́ kù nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé nínú oṣù kẹta, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ọyẹ́ tó ń bọ̀. Koríko á ga, etí títì á di ẹrẹ̀, kò sì ní sí ibi tí ẹ máa sá sí fún tírélà. Ẹ fi bíró kọ orúkọ ibi tí ẹ dúró sí sínú ìwé, pẹ̀lú àmì rẹ̀ àti orúkọ ìyá alákàrà tó wà nítòsí, torí fóònù lè sọnù kó tó di oṣù kọkànlá.